Ìdí Tí N Ó Fi Gbé Ìjàpá Lọ sí Ìfọ́n Lọ́la

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Táyọ̀, fa àga yẹn kúrò nínú oòrùn. Kàmọ́rù, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá ka mítà iná. Wọlé, wá ibi kan jókòó sí.

Mo mọ ohun tó kó yín wá. Fúnmi, ọmọ mi, ló pè yín jọ lórí fóònù. Ó ní kí ẹ wá bẹ bàbá òun, pé bàbá òun fẹ́ gbé ọkọ̀ àtijọ́ lọ sí Ìfọ́n lọ́la, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ìfọ́n kò tíì rí bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ yín, èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì tíì rí kíláàsì tí ọmọ ilé ìwé ti ń sọ̀rọ̀ ṣáájú tíṣà.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ẹ má pè é ní ọkọ̀ àtijọ́ mọ́. Ìjàpá ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo Ìlobù wa yìí ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bìrìkìtì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, ó sì ní ohùn tirẹ̀. Tí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, àwọn ọmọ mi á ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà ọjà, tùkù-tùkù-tùkù, wọ́n á ti gbé omi ìwẹ̀ mi sílẹ̀ kí n tó wọ àgbàlá. Ọkọ̀ ti òde òní kì í sọ ohunkóhun. Èèyàn á kàn rí i pé àlejò ti dé sí pálọ̀, ìwọ kò sì tíì wọ ṣòkòtò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ inú ọkọ̀, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Nínú ẹsẹ̀ Ìjàpá kọ̀ọ̀kan, dúrọ́ọ̀mù irin kan wà tó dà bí ìkòkò tí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Òun àti táyà ni wọ́n jọ ń yí. Nínú dúrọ́ọ̀mù náà ni sílíńdà kékeré kan wà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò mi yìí lọ. Rọ́bà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan kọjú sósì. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á sáré wọ inú sílíńdà, á ti rọ́bà méjèèjì síta, wọn á ti irin méjì tí a ń pè ní ṣúù bíréèkì mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, ọkọ̀ á sì dúró. Tí rọ́bà yẹn bá bàjẹ́, ẹ lè máa tẹ bíréèkì títí dé Òṣogbo, ọkọ̀ kò ní dá yín lóhùn. Sílíńdà yẹn ni a ń pààrọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ọkọ̀ ló ti kú, Táyọ̀, bí o ṣe sọ fún Fúnmi ìyàwó rẹ.

Ràímì ní Ìfọ́n ni mẹkáníìkì rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ní ìgbà tí àgbálùmọ̀ bá ń so, èso á máa já bọ́ lórí òrùlé ọkọ̀ àwọn èèyàn, pà, pà, àwa tí a ń dúró de iṣẹ́ á máa ṣa á jẹ. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí Ìlobù parí sí àti ibi tí Ìfọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ló tẹ̀ lé ilé. Ọmọ Ìfọ́n á jókòó ti ọmọ Ìlobù nínú kíláàsì mi, tí wọ́n bá sì pariwo, mo máa ń nà wọ́n pọ̀ ni. Lónìí, ọmọ ọ̀kadà mọ ojú ààlà ju ẹni tó ń wọn ilẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀la wà.

Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló di dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn Ìjàpá mú. Àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an ló wà, ó sì tóbi tó ẹnu ife tíì. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì tí ẹnì kan ń tú. Ràímì á fi sípánà rẹ̀ sí i, sípánà tó wúwo bí ọmọ ọwọ́, á wá ti páìpù omi gígùn kan bọ ọrùn sípánà náà, páìpù á yọ jáde dé ẹ̀gbẹ́ títì. Lẹ́yìn náà ni yóò kọjú sí ọ̀nà, yóò gbé ohùn sókè: "Ẹ̀yin ará ọ̀nà, ẹ wá fún wa lára."

Àwọn èèyàn á sì wá. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á sọ igi ìdáná kalẹ̀. Akọ̀wé á bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún Sàfúrá, ìyàwó Ràímì, pé kí ó bá òun mú un. Ìyá kan tó ń ta àgbàdo á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á ní, "Ràímì, tí ewúrẹ́ rẹ bá jẹ ọjà mi, òun ni n ó gbé lọ o," á ṣán ìró rẹ̀ le, á sì wá. Gbogbo wọn á rọ̀ mọ́ páìpù náà. Ràímì á ka ení, á ka èjì, nọ́ọ̀tì á ké kẹ́ẹ́ bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́, páìpù á lọ sílẹ̀, wọ́n á sì wó lu ara wọn. Ẹ̀rín tó máa ń sọ níbẹ̀, n kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá dé kẹ́yìn kí nọ́ọ̀tì tó gbà, òun ni a máa ń sọ pé ó tú u. Tí iṣẹ́ bá parí, òun ni a máa gbé sí iwájú ọkọ̀ náà, a ó gbé e yípo ìlú, kì báà jẹ́ ọkọ̀ ọba ló wá ṣe bíréèkì. Ìyá alágbàdo yẹn gba ipò náà títí a fi ń pè é ní Ìyá Atúnọ́ọ̀tì. Ọmọ Ìlobù ni. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìlú tó ti wá. Ìwọ̀n ara ni a ń wá.

N kò ní tàn yín pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọdún Kérésìmesì kan wà tí ìyá yín àgbà, ìyàwó mi, se ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ fún ilé Ràímì, nítorí Ràímì kì í jẹ́ kí Iléyá kọjá kó má gbé ẹran wá fún wa. Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú búùtù iwájú. Sílíńdà ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń jò, n kò mọ̀. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì nítorí àgùntàn kan, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló dì í mú, ọkọ̀ fà sósì, ìkòkò sì dojú dé lórí táyà tó wà nínú búùtù. A ṣí búùtù níwájú ilé Ràímì, adìyẹ jókòó sínú táyà bí ẹni tó ń pa ẹyin. Ìyá yín àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ràímì wo inú búùtù, ó wo mí, ó ní, "Tíṣà, ọbẹ̀ yìí ṣàlàyé ju yín lọ. Sílíńdà ọ̀tún ni." A jẹ ìrẹsì yẹn pẹ̀lú epo àti iyọ̀, òun sì pààrọ̀ sílíńdà kí ọdún tó parí. Títí tí Ìjàpá fi dúró, tí oòrùn bá ti mú, òórùn ata ló máa ń ti iwájú rẹ̀ wá.

Nígbà tí wàhálà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ẹ̀yin náà wà ńlé, n kò ní sọ ohun tí ẹ fojú rí fún yín. N kò sì ní sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé jó níhìn-ín, ilé jó lọ́hùn-ún, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé, títì dá páropáro. Àsìkò yẹn ni Táyọ̀ há sọ́dọ̀ mi. Ó rí i pé ọ́ìlì bíréèkì ti lọ sílẹ̀, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ti tì. Ó bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Gbé orí rẹ sókè, Táyọ̀, n kò bá ọ jà. Láyé tiwa, omi ọṣẹ ni àwọn awakọ̀ máa ń bù sí i tí ọ́ìlì bá tán lọ́nà oko. Ìyẹn náà kò dáa, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé wọn délé. Ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń mú rọ́bà wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Gbogbo rọ́bà bíréèkì ló wú. Ìjàpá kò lè rìn mọ́, tó bá sì rìn, kò ní dúró.

Fúnmi ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kan láti Òṣogbo. Ọmọ dáadáa ni. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó dìde, ó gbọn ọwọ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé e fún àwọn oní-irin." Mo fún un lómi tútù mu, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sìn ín dé títì.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ, mo fi fìlà mi dé orí, mo dá ọ̀kadà dúró, mo ní Ìfọ́n. Ọmọ náà gbé mi dé ibì kan, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ibi tí mo mọ nìyí."

"Báwo? Títì ṣì wà níwájú."

"Títì wà níwájú, Bàbá. Èmi ni n kò sí níbẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mí. Wọ́n wò mí ni, èmi náà sì ń kí wọn, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, bí mo ṣe máa ń kí wọn. Àwọn kan dáhùn. Ẹnì kan kúnlẹ̀ kí mi, lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n rí òun.

Igi àgbálùmọ̀ Ràímì ṣì dúró, ẹ̀ka kan lára rẹ̀ ti jó. Sàfúrá ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ràímì fúnra rẹ̀ jókòó lórí táyà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, etí rẹ̀ ti wúwo. Ó mọ ìrìn mi kí ó tó mọ ojú mi.

"Tíṣà. Mo rò pé ẹ ti gbọ́n."

"Ta ni yóò kọ́ mi? Èmi ni tíṣà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìjàpá ń kọ́?"

"Bíréèkì rẹ̀ ti kú."

"Ta ló pa á?"

"Ọkọ Fúnmi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì."

"Ṣé èyí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba yẹn?" Ó mi orí. "Mo ti ń rò ó lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn pé bàtà rẹ̀ funfun jù." Má bínú, Táyọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Mo sọ fún un pé ọkọ̀ kò lè wá bá a, òun ni yóò wá bá ọkọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó dúró tì wá ń wo ilẹ̀. Ràímì ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?" Mo ní n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn wọ Ìlobù lọ́sàn-án gangan, arúgbó méjì, ọwọ́ wa nínú ara wọn, àpò sípánà lórí èjìká tèmi.

Kàmọ́rù, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ ń ṣọ́ àdúgbò lẹ dá wa dúró ní ìkòríta yìí. O dọ̀bálẹ̀ fún mi, n kò ní gbàgbé ìyẹn. O ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ará ibo lẹ mú bọ̀ yìí?"

Mo ní, "Ará abẹ́ ọkọ̀ mi ni."

Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ràímì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ Ìfọ́n ni mí. N kò fẹ́ kí Tíṣà fi ẹ̀fẹ̀ bò mí."

Mo wá bi ọ́, Kàmọ́rù, bóyá ìyá rẹ ti sọ ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù fún ọ rí, lọ́jọ́ tí a bí ọ, tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. O ní Ìjàpá ni. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí pààrọ̀ sílíńdà iwájú rẹ̀. Tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀, inú gọ́tà la ò bá ti bí ọ." O kàn yẹra. Ṣùgbọ́n o tẹ̀ lé wa wọ àgbàlá, o fẹ̀yìn ti ògiri, o pa ọwọ́ pọ̀ láyà, o ń ṣọ́ wa. N kò mọ̀ bóyá àwa lò ń ṣọ́ ni tàbí ò ń ṣọ́ nítorí wa.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ràímì gbé iwájú ọkọ̀ sórí jáàkì, ó tú táyà, ó fi hámà onígi gbá dúrọ́ọ̀mù yípo títí dúrọ́ọ̀mù fi bọ́. Ó fi ìka kan rọ́bà tó wú, ó sì na èyí tó bàjẹ́ jù sí Táyọ̀ tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ó ní kó fi sórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀. Ó pààrọ̀ sílíńdà ńlá tó wà lókè, èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọ inú páìpù, ó fi sílíńdà tuntun tó kó wá sí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ti ẹ̀yìn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, Ìbàdàn ni yóò ti wá, ó dí ọ̀nà ọ́ìlì wọn pa ná.

Ó wá ku kí a lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì. Ẹnì kan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹnì kan á wà lókè tí yóò máa tẹ bíréèkì, ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ tí yóò máa ṣí nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn sílíńdà. Wọn kò rí ojú ara wọn. Ohùn nìkan ni wọ́n ní. Tí ẹni òkè bá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni ìsàlẹ̀ tó dì í, afẹ́fẹ́ á tún wọlé. Láyé ìgbà tí mo ń sọ, tí ẹ bá ń kọjá ní Ìfọ́n, ẹ ó máa gbọ́ ọ bí orin. Nítorí etí Ràímì tó ti wúwo, igbe la fi ṣe é lọ́jọ́ yẹn.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo tẹ̀ ẹ́!"

"Dì í mú!"

"Mo dì í mú!"

"Ó yá, fi sílẹ̀!"

Gbogbo àdúgbò gbọ́ ohùn ọmọ Ìfọ́n tó ń pàṣẹ láti abẹ́ ọkọ̀ ní Ìlobù, àti ohùn ọmọ Ìlobù tó ń dá a lóhùn. Àwọn kan ṣí fèrèsé. Àwọn kan tì í. Nígbà tí ọ́ìlì jáde láìsí ìfófòó, Ràímì ní, "Alhamdulilahi," mo ní, "Halleluyah," bí a ṣe máa ń sọ ọ́.

Ràímì ní òfin kan tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá tún bíréèkì ṣe, òun gan-an ni yóò jókòó síwájú nígbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà bá máa sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi ń dán Ìjàpá wò, ọ̀nà Ìfọ́n ló wà. Mo gbé Ràímì gba ibẹ̀ délé rẹ̀, mo fun fèrè ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ọmọ ọ̀kadà ti sọ mí kalẹ̀, mo tẹ bíréèkì níbẹ̀. Ìjàpá dúró gbọn-in, kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì. Ràímì ní, "Ó dáa. Ẹ máa lọ." Mo sì ń lọ.

Ìyẹn ni ti iwájú. Sílíńdà ẹ̀yìn dé lánàá. Sípánà ńlá àti páìpù gígùn ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù Ràímì, kò sí ọ̀kadà tó lè gbé wọn wá, ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò sì gbé ìrìn yẹn mọ́. Nítorí náà, Ìjàpá ni yóò lọ. N ó rọra wà á. Fúnmi ní kí n dúró títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀. Ta ni yóò mú un rọlẹ̀? Tí gbogbo wa bá jókòó sílé tí a ń dúró de ara wa, ọmọ ọmọ yín á dàgbà, á ní ìlú méjì ti fi ògiri pín ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irọ́ ni, èmi sì ṣì wà láyé láti sọ pé irọ́ ni.

Ràímì pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ rántí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn. Èmi ti fúyẹ́, ẹ̀yin ti fúyẹ́. Láyé ọjọ́sí, mo kàn máa ń ké sí ará ọ̀nà ni. Tí mo bá ké lọ́la, àwọn ọmọ mi á jáde, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ àwọn nìkan."

Mo ní, "Má ṣèyọnu. Mo ń kó ara bọ̀."

N kò bi yín kí n tó sọ ọ́. N kò sì ní bi yín báyìí. Tí àwọn tó lọ kírun bá dé láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó gbọ́ ìró Ìjàpá níwájú ilé yìí. N ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó wọlé, n ó pa wọ́n dé, n ó lọ, èmi àti Ràímì á rọ̀ mọ́ páìpù náà, a ó sì máa ké sí ará ọ̀nà títí ẹnì kan á fi yà. Ṣùgbọ́n mo ti ń wo Táyọ̀ láti ìgbà tó ti jókòó sórí àga yẹn tí àga ń ké, mo sì mọ̀ pé nọ́ọ̀tì yẹn kò ní le jù ú lọ. Kàmọ́rù, ẹsẹ̀ rẹ gùn, kò ní gba ẹ̀yìn Ìjàpá. Iwájú ni kí o jókòó sí.

Ẹ sọ fún Fúnmi pé ẹ ti bẹ̀ mí. Ẹ máa lọ sílé, kí ẹ wá aṣọ tí ọ́ìlì lè bà jẹ́.